Gúrúùpù Facebook, WhatsApp, Telegram, àbí ilé tiwa? Ìfiwéra fún àwọn ádímìn àdúgbò

Ọdún mẹ́fà gbáko ni àdúgbò wa n'Íbàdàn fi kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú gúrúùpù kan lórí ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì ńlá. Ibẹ̀ la kọ ọ́ sí, ẹni tó san owó tiransifọ́mà àti ẹni tí kò san. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà púlọ́ńbà tí kì í purọ́ wà, àti àríyànjiyàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí ọlọ́dẹ tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Lóru ọjọ́ kan, àwọn gbájúẹ̀ jí àkáǹtì ádímìn àgbà gbé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti yọ àwa ádímìn yòókù dànù, wọ́n ti yí orúkọ gúrúùpù padà, wọ́n sì ń fi orúkọ Alága polówó òwò tó ń sọ náírà 10,000 di 100,000 láàárín ọjọ́ mẹ́ta. A kọ̀wé sí àwọn tó ni ìkànnì náà títí ó fi sú wa. Ẹ̀rọ ló ń dá wa lóhùn.

Ohun tó dùn wá jù kì í ṣe àwòrán àti àkọsílẹ̀ tó bá a lọ. A ò mọ bí a ṣe máa rí àwọn ènìyàn wa ni. Àwa tó lé ní 400 nínú gúrúùpù náà, ẹni tí akọ̀wé ní nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé kò tó 80. Àwọn ayálégbé tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wa gan-an, orúkọ tí wọ́n fún ara wọn lórí ìkànnì nìkan la mọ̀: Ọmọ Ìyá Alákàrà, Big Fish, Ayé Ń Lọ. Ojúlé wo lẹ fẹ́ kàn pé ẹ ń wá Big Fish?

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dán ibi oríṣiríṣi wò, àwọn kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ wa, àwọn kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde ilé ìwé mi. Ẹ̀yin ádímìn ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ òbí àti ẹgbẹ́ ìjọ ni mo kọ èyí fún. Ẹni tó ń wá oníbàárà ọjà rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn gbogbo ibi tí mo fẹ́ dárúkọ: bí onílé bá ní ká jáde lálẹ́ òní, kí la máa rí gbé? Owó dátà, ìrọ̀rùn àti ojú àwọn àgbà tí kò ríran dáadáa mọ́, gbogbo ìyẹn ṣe pàtàkì, mo sì ń bọ̀ lórí wọn. Ṣùgbọ́n ẹrù mẹ́ta ló wà nínú ilé ẹgbẹ́: ọ̀nà tí a fi lè kàn sí ènìyàn, ìrántí ohun tí a ti jọ sọ, àti àdírẹ́ẹ̀sì tí àlejò mọ̀ wá sí. Ibi tó bá jẹ́ kí ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ilé yín ni. Ibi tí kò bá jẹ́ kí ẹ gbé ọ̀kan, àtẹ ọjà ni.

Facebook: ọjà lọ̀tọ̀, ilé lọ̀tọ̀

Mi ò ní kí ẹ pa gúrúùpù Facebook yín rẹ́ o. Ọmọ onílé tó ti wà ní Manchester láti ọdún gbọọrọ, ibẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ wá orúkọ àdúgbò, ibẹ̀ ló sì ti máa rí yín tí yóò fi dá sí owó bóhòólù. Ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo ayé ti mọ ojú ọ̀nà rẹ̀. Láti pàdé ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, mi ò tí ì rí ibi tó dà bíi rẹ̀.

Àmọ́ ẹ fi ìbéèrè mi wọ̀n ọ́n. Ádímìn rí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kò rí nọ́ńbà wọn, kò rí ímeèlì wọn, kò sì sí bọ́tìnì tó máa tẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ yóò fi jáde sínú ìwé kan. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń pinnu ẹni tó máa rí i. Ní oṣù kìíní 2018 ni Facebook kéde pé ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni òun yóò máa gbé síwájú ju ti àwọn ojú ewé iléeṣẹ́ àti ìwé ìròyìn lọ. Ẹni tó ti fi ọdún gbọọrọ kó èrò jọ sójú ewé rẹ̀ kàn rí i pé èrò ò gbọ́ òun mọ́. Ní oṣù kẹfà 2025, ọ̀pọ̀ ádímìn ní orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jí bá gúrúùpù wọn ní títì pa, gúrúùpù òbí wà níbẹ̀, ti àwọn tó ń sin ẹran ilé wà níbẹ̀. Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook, ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni, àwọn ń tún un ṣe.

Èyí tó kàn wá jù nílé nìyí. Ní oṣù keje 2024, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà fọwọ́ sí ìtanràn ọ̀hún ní oṣù kẹrin 2025, Meta sọ nínú ìwé ẹjọ́ pé ó ṣeé ṣe kí òun ti Facebook àti Instagram pa ní Nàìjíríà. Wọn kò tì í pa. Ẹni tó jàre kọ́ ni mò ń sọ. Mò ń sọ pé nígbà tí ìjọba àti iléeṣẹ́ ńlá ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kò sí àga kankan níbẹ̀ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé. A ti rí irú rẹ̀ rí: láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi ti Twitter pa mọ́ wa lójú. Àwọn kan wá ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Àwọn ìyá àgbà kò mọ ọ̀nà ẹ̀yìn kankan.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, onílé á kàn wó ilé rẹ̀ ni. Àwọn ará Bùràsíìlì fẹ́ràn Orkut, ìkànnì ọ̀rẹ́ tí Google ni, ju bí a ṣe fẹ́ràn Facebook lọ. Google tì í pa ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2014. Google+ tẹ̀lé e ní oṣù kẹrin 2019.

WhatsApp: pálọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá

Bí mo bá ní kí ẹ kúrò lórí WhatsApp, irọ́ ni mò ń pa fún yín, èmi fúnra mi ò tí ì kúrò. Kò sí fóònù tó wọ àdúgbò wa tí kò ní in. Àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù máa ń ta dátà rẹ̀ lọ́tọ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ìyẹn sì ṣe pàtàkì láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ti gbà kí wọ́n fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè àti dátà ní oṣù kìíní 2025. Ẹni tí kò lè kàwé lè sọ̀rọ̀ sí i. Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé voice note ni gbogbo ìwé rẹ̀, tó sì mọ ohun tó ń lọ ju akápò lọ.

WhatsApp tún ní ohun kan tí Facebook kò ní: nọ́ńbà ènìyàn wà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá ti gúrúùpù pa, ẹ ṣì lè pe gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹrù mẹ́ta tí mo kà, ó jẹ́ kí ẹ gbé èyí tó wúwo jù.

Ìrántí ni kò ní. Láti 2022 ni gúrúùpù kan ti lè gba ènìyàn tó 1,024, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gúrúùpù tí kò ju 200 lọ. Alága á fi ìkéde iná síbẹ̀ ní aago méje àárọ̀. Ní aago mẹ́jọ, ẹnì kan á rántí pé ọjọ́ ìbí Bàbá ojúlé 14 ni. Àdúrà mọ́kàndínlógójì, àmín ọgọ́rin, àwòrán kéèkì, fídíò òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, ìkìlọ̀ fọ́wáàdì nípa ẹ̀wà tó ń pa ènìyàn. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, àwọn kan á bèèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n sọ nípa iná?" Lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà tí a bá ń jiyàn lórí iye tí a fọwọ́ sí, ẹni tó fóònù rẹ̀ bọ́ sódò ti pàdánù ẹ̀rí, ayálégbé tuntun kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí a sọ ọ́.

Nọ́ńbà tó jẹ́ àǹfààní yẹn náà ni ewu. Ẹni tó wọ gúrúùpù ń rí nọ́ńbà gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ẹ ò mọ gbogbo ẹni tó wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe àwọn àgbà pé, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí fóònù yín, ẹ bá mi kà á." Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì wọn. Bí ẹ ò bá tilẹ̀ ṣe ohunkóhun mìíràn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ka èyí tán, ẹ bá àwọn àgbà inú gúrúùpù yín tan two-step verification nínú settings, kí wọ́n fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mẹ́fà tiwọn sí i.

Ẹni tó sì ní òun ti kúrò lórí Facebook bọ́ sórí WhatsApp, yàrá ló pààrọ̀, onílé kan náà ni. Láti 2014 ni Facebook ti ra WhatsApp. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021, àṣìṣe kan nínú ètò tó so àwọn ẹ̀rọ wọn pọ̀ mú kí Facebook, WhatsApp àti Instagram dákú papọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi WhatsApp ṣe ààbò àdúgbò lóru ọjọ́ yẹn, fèrè ni wọ́n padà sí.

Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ lo Communities tí wọ́n gbé jáde ní 2022: ibi ìkéde kan tí ádímìn nìkan lè kọ sí, àti gúrúùpù ìtàkùrọ̀sọ lọ́tọ̀ fún àdúrà àti kéèkì. Ìyẹn nìkan pa ìdajì ìjà ẹgbẹ́ wa.

Telegram

Telegram ṣe ohun tí WhatsApp kò ṣe. Gúrúùpù rẹ̀ lè gba 200,000 ènìyàn. Ẹni tó wọlé lónìí lè ka ohun tí a sọ lọ́dún tó kọjá bí ádímìn bá fẹ́. Ènìyàn lè fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́, kó máa lo orúkọ. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde wa wà níbẹ̀, ìwé àti fídíò ńlá sì ń kọjá níbẹ̀ láìsí wàhálà.

Kí ló dé tí n kò fi ní kí àdúgbò lọ síbẹ̀? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé àwọn àgbà ò sí níbẹ̀, áàpù kejì lórí fóònù tó ti kún jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀. Ìkejì, bí ẹ ṣe fi nọ́ńbà pamọ́, ẹ ti sọ ẹrù àkọ́kọ́ nù: lọ́jọ́ tí gúrúùpù bá lọ, Big Fish tún ti padà di Big Fish. Ìkẹta, ọ̀pọ̀ rò pé Telegram ló ní àṣírí jù, òdìkejì ni. Ọ̀rọ̀ inú gúrúùpù WhatsApp wà nínú ìdì tí àwọn tó wà nínú gúrúùpù nìkan lè tú, ti gúrúùpù Telegram kò rí bẹ́ẹ̀, ó ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ iléeṣẹ́ náà. Ẹnì kan ṣoṣo, Pavel Durov, ló sì dúró lórí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá Faransé mú un ní oṣù kẹjọ 2024, gbogbo ádímìn tó ní làákàyè ló bi ara rẹ̀ léèrè pé níbo la máa lọ.

Ilé tiwa

Ibí ni mo fẹ́ ká jókòó sí díẹ̀.

Ilé tiwa túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ ra orúkọ ìkànnì fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ háyà ẹ̀rọ server, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kì í kú, ó sì gbé ètò gbàgede ìjíròrò (forum) sórí rẹ̀. Àwọn ètò bẹ́ẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ tí kóòdù wọn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Discourse, tó jáde ní 2013, ló lẹ́wà jù tó sì mọ́ wa lọ́wọ́ jù: ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkòrí tirẹ̀, ènìyàn lè wá ohun tí a sọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kó sì rí i, ó sì ń fi àkójọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì àwọn tí kì í wọlé. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo lórí fóònù tó ti pẹ́. phpBB, tó ti wà láti 2000, kò lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, àyè server olówó pọ́ọ́kú sì lè gbé e. Ẹ má fojú di ìfúyẹ́ o. Nairaland tí Seun Osewa dá sílẹ̀ ní 2005 ṣì rí bákan náà lójú bí ó ṣe rí nígbà yẹn, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣí lórí fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń ṣòjòjò. Ó ti lé lógún ọdún.

Owó ńkọ́? Discourse ń fẹ́ ẹ̀rọ tó ní RAM 1GB ó kéré tán, 2GB ló tuni lára. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bíi dọ́là 12 lóṣù. Ká ka dọ́là sí náírà 1,500: 18,000 lóṣù, 216,000 lọ́dún. Ilé 120 ló wà ládùúgbò wa, nítorí náà 1,800 ni ojúlé kọ̀ọ̀kan ń dá lọ́dún. Orúkọ ìkànnì .com.ng kò wọ́n, ẹ sì máa nílò ibi tí ímeèlì yóò máa gbà jáde, èyí tó ní ọ̀fẹ́ fún ẹgbẹ́ kékeré. Owó kọ́ ló ń pa irú ilé yìí. Ènìyàn ló ń pa á.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti rí i tó ń gbà kú. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tó mọ kọ̀ǹpútà gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ímeèlì rẹ̀, káàdì báńkì rẹ̀. Ó rí físà Kánádà gbà. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, káàdì náà kú, orúkọ ìkànnì sì lọ. Nítorí náà, ímeèlì ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi rà á, kí ènìyàn mẹ́ta ní pásíwọọ̀dù, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kò ní in lọ́kàn láti já pa.

Ìkejì, kò sí ẹ̀dà ìpamọ́. Ẹ padà wo Nairaland: ní oṣù kẹfà 2014, ẹnì kan wọ inú ẹ̀rọ tó gbé e, ó pa á rẹ́, ó tún pa ẹ̀dà ìpamọ́ tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ẹ̀dà tó wà níbòmíràn ni wọ́n fi jí i dìde láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ti oṣù kìíní ni ẹ̀dà yẹn, ọ̀rọ̀ bí oṣù márùn-ún bá a lọ. Bó bá lè ṣe ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tiwa kò ju adìyẹ lọ. Ọjọ́ kìíní oṣooṣù ni akọ̀wé wa ń sọ ẹ̀dà kalẹ̀ sórí flash méjì. Ọ̀kan wà nílé rẹ̀, ọ̀kan wà nínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìkẹta ni òfo. Ẹ kọ́ ilé, ẹ kun ún, kò sẹ́ni tó wá. Mo máa sọ bí tiwa ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ láìpẹ́.

Ohun kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ́ ilé: bí ẹ bá ti ń kó orúkọ, nọ́ńbà àti ojúlé ènìyàn pamọ́, ọrùn yín ni Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 wà. Ẹ gba ìwọ̀nba tẹ́ ẹ nílò. Ẹgbẹ́ onílé tó ń bèèrè NIN lọ́wọ́ ayálégbé láti wọ gbàgede, kí ló fẹ́ fi í ṣe?

Lẹ́tà ojoojúmọ́: ẹ̀kọ́ kan láti Vermont

Ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, Michael Wood-Lewis àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ímeèlì fún àdúgbò wọn ní ìlú Burlington ní 2000, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀ ni, wọn ò sì mọ ẹnikẹ́ni. Ní 2006 ó di Front Porch Forum, ó sì ti kárí ìpínlẹ̀ náà. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò yà yín lẹ́nu. Orúkọ gidi àti àdírẹ́ẹ̀sì ilé ni ènìyàn fi ń wọlé. Ohun tẹ́ ẹ kọ lónìí kò ní jáde lójú ẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan á kọ́kọ́ kà á, lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó tiyín àti ti àwọn aládùúgbò pọ̀ sínú lẹ́tà kan. Ẹ fẹ́ fèsì? Inú lẹ́tà tó kàn ni. Ìpolówó àwọn oníṣòwò àdúgbò àti owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. Nígbà tí ìjì Irene gbé ọ̀nà àti afárá lọ ní oṣù kẹjọ 2011, ibẹ̀ ni àwọn aládùúgbò ti ń wá ṣọ́bìrì, ẹ̀rọ iná àti oúnjẹ fún ara wọn.

Ìfalẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Ẹni tó bínú ní aago mọ́kànlá òru kò rí ojú tí yóò tutọ́ sí kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tó bá sì mọ́, ọ̀pọ̀ á ti pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́. Ní gúrúùpù WhatsApp wa, aago mọ́kànlá òru gan-an ni ogun ọlọ́dẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

N'Íbàdàn, ímeèlì kì í ṣe ibi tí àgbà ń wò. Lẹ́tà náà ni mo mú, mo fi ímeèlì sílẹ̀: ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, akọ̀wé á ṣa ohun márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ṣẹlẹ̀ lórí gbàgede, á kọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú líǹkì, á sì ka ohun kan náà sínú voice note ìṣẹ́jú mẹ́ta. Sórí ibi ìkéde WhatsApp ló ń lọ.

Mastodon, ìkànnì tó pín sórí ọ̀pọ̀ server tí kò ní onílé kan ṣoṣo, ńkọ́? Ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ á bèèrè. Eugen Rochko bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jámánì ní 2016, ènìyàn lè kó láti server kan sí òmíràn kí àwọn tó ń tẹ̀lé e sì bá a lọ, èyí tó wú mi lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ti kọ sẹ́yìn kò ní bá a lọ. Òǹkọ̀wé ló wúlò fún. Àdúgbò tó fẹ́ mọ ẹni tí kò san owó ilẹ̀ gbígbá, kò wúlò fún wọn.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ mú?

Bí ẹ kò bá tó ilé 40, tẹ́ ẹ sì mọ ojú ara yín, ẹ dúró lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ ra ìwé ńlá kan kí akọ̀wé máa kọ orúkọ, nọ́ńbà, ojúlé àti ìpinnu ìpàdé sí i. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé yẹn ni server yín, kì í sì í dákú.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ní ẹ̀ka ní Èkó, London àti Houston, ẹ kọ́ ilé. Wákàtí ibi kan kò bá ti ibòmíràn mu, ẹni tó jí ní Houston ń bá ọ̀rọ̀ tó ti tutù pàdé lórí WhatsApp. Lórí gbàgede, ọ̀rọ̀ ń dúró dè é lábẹ́ àkòrí rẹ̀. Owó kì í sì í ṣe ìṣòro yín. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde tí kò ní àgbà púpọ̀, Telegram tó, bí ẹ bá ní nọ́ńbà gbogbo ènìyàn sílẹ̀ lọ́tọ̀. Àdúgbò bíi tiwa, ilé 100 sí 300, àgbà àti ọ̀dọ́, onílé àti ayálégbé: gbàgede tiwa fún ìrántí, WhatsApp fún ìkéde, Facebook fún àlejò. Ọ̀nà kan kò wọjà.

Ẹ má ṣe bí a ti ṣe níbẹ̀rẹ̀ o. A kéde pé láti ọjọ́ Sátidé, kò sí ohun tí a máa gbọ́ lórí WhatsApp mọ́, kí gbogbo ènìyàn kó lọ sórí gbàgede. Ènìyàn 19 ló wá, méje nínú wọn jẹ́ ìgbìmọ̀. Oṣù méjì la fi ń sọ̀rọ̀ fún ara wa bí ẹni tó ń kírun nínú mọ́ṣáláṣí òfo. Ohun tó yí i padà kò ju ohun kékeré lọ. A kọ gbogbo ohun tí ènìyàn máa ń bèèrè léraléra sí gbàgede: púlọ́ńbà, oníṣẹ́ iná, ọjọ́ tí wọ́n ń kó ilẹ̀, iye owó bóhòólù, ilé tó ṣófo. Nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá wá bèèrè lórí WhatsApp, ádímìn kò ní dáhùn, líǹkì nìkan ló máa fi síbẹ̀. Àwọn kan bínú. Ọ̀gá kan ní ṣé ọmọdé la fi òun ṣe ni. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́, ó rí púlọ́ńbà, ó sì kọ síbẹ̀ pé púlọ́ńbà náà kò wá lásìkò. Látìgbà náà ló ti ń kọ nǹkan síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ nípa púlọ́ńbà nìkan ti tó ojú ewé mẹ́rin.

Àwọn àgbà méjì tí ọ̀rọ̀ wọn ń wọlé la fi ṣe ádímìn, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì àti ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lórí gbàgede, ó máa ń pe ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ lórí fóònù ni. Ìpè rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju bọ́tìnì lọ.

Owó server tọdún yìí ti wọlé láti ojúlé 83. Orúkọ àwọn 37 yòókù wà lórí gbàgede, lábẹ́ àkòrí tiwọn, ìsọfúnni sì ń dé ímeèlì wọn ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè.